Bí Cyprian Ṣe Fi Ẹsẹ̀ Ara Rẹ̀ Lọ sí Odekpe

Ní ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù kẹfà, nígbà tí aago ọwọ́ mi sọ pé ó ku ìṣẹ́jú méje kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lù, wọ́n hú òkú kan níwájú mi ní Inland Town, nílùú Onitsha. Cyprian ni orúkọ tí wọ́n kọ sára àgbélébùú tó wà lórí sàréè náà. Igi ìrókò ni wọ́n fi kan pósí rẹ̀, ó sì fẹ̀ ju pósí èèyàn lọ dáadáa. Ọkùnrin mẹ́rin dúró yí ihò náà ká, wọ́n ṣí fìlà. Nígbà tí wọ́n fi irin yọ ìdérí, ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni táyà.

Mo kọ àkókò yẹn sílẹ̀ torí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe akọ̀wé ni, ní bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú, mi ò sì mọ ohun mìíràn tí akọ̀wé ń ṣe níbi sàréè.

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án mi ní Onitsha nìyẹn. Mi ò ní sọ bí mo ṣe débẹ̀. Ọkọ̀ gbé mi, mo sọ̀ kalẹ̀. Ohun tó yẹ kí n sọ ni iṣẹ́ mi. Ogun ti parí láti ọdún mélòó kan, owó epo rọ̀bì ti dé, gbogbo ìlú sì ń kọ́lé. Sìmẹ́ńtì wà lórí ewé, ó wà lórí ìrẹsì, ó wà nínú irun àwọn èèyàn. Ilé tí ọta ìbọn ti dá lu ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, wọ́n ti ń gbé àjà kejì lé e ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹni tó ni ín sì ń ta rédíò nísàlẹ̀. Nínú gbogbo kíkọ́ yìí, èmi ni wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa fọ́ nǹkan. Àwọn kọ́lékọ́lé á po kọnkéré, wọ́n á bu díẹ̀ sínú àpótí irin kékeré, tó bá gbẹ wọ́n á gbé e wá fún mi. Èmi á gbé e sínú ẹ̀rọ, màá fún un pọ̀ títí tó fi máa fọ́, màá wá kọ iye agbára tó fi fọ́ ọ sílẹ̀. Yunifásítì ni mo ti kọ́ èyí. Tí àwọn òṣìṣẹ́ bá bi mí pé ṣé ilé náà á dúró, ìdáhùn mi ni pé èyí tó wà lọ́wọ́ mi dúró títí di ìgbà tí mo fọ́ ọ. Wọn kì í fẹ́ràn rẹ̀.

Ìyá mi náà kò fẹ́ràn rẹ̀. A jọ ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù ní ọjọ́ Monday, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Èmi á jókòó sí bẹ́ǹṣì ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Onitsha, òun náà á jókòó sí bẹ́ǹṣì tiwọn nílé, a ó máa retí ìlà títí ó fi wọlé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún un, ó ní, “Ṣé wọ́n ní kí o lọ bá wọn kọ́lé ni, àbí wọ́n ní kí o lọ bá wọn fọ́ ọ?” Mo ní méjèèjì ni. Ó ní kí n ṣe pẹ̀lẹ́, pé ẹni tí wọ́n bá fọ́ ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í fẹ́ ìkejì.

Ilé Bàbá Ráṣídì ni mo ń gbé. Télọ̀ ni, ọmọ Ẹdẹ, Mùsùlùmí tó ti ń ránṣọ ní Onitsha kí n tó mọ ìwé kà. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó kó ìdílé rẹ̀ padà sílé. Ó fi okùn so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ ọrùn ní gbogbo ìgbà tí ogun fi jà. Nígbà tó padà dé, ṣọ́ọ̀bù ti lọ, ilẹ̀kùn ti lọ, ògiri ti lọ. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ló kù. Ó gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ kó ṣe àgádágodo tó bá a mu, ó gbé àgádágodo lọ bá káfíńtà kó ṣe ilẹ̀kùn tó bá a mu, ó wá pe bíríkìlà kó mọ ògiri yí ilẹ̀kùn ká. Mo bi í ìdí tí kò fi ṣe kọ́kọ́rọ́ tuntun. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ní ibà.

Ní ilé yẹn ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé mo ti jìnnà sílé. Kì í ṣe àwọn ará Onitsha ló jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ Bàbá Ráṣídì ni. Igbo ni wọ́n ń bá ara wọn sọ láti òwúrọ̀. Tí mo bá kí wọn pé ẹ káàárọ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín bí ẹni pé mo ń ṣe bíi bàbá wọn. Mo wá láti ilẹ̀ Yorùbá, mo wọ ilé Yorùbá, mo jókòó sídìí ọbẹ̀ Yorùbá, èmi nìkan ni mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nídìí ọbẹ̀ náà. Lẹ́yìn oúnjẹ, màá wọ yàrá, màá ka ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ tó kọjá dé ibi ìpolówó. Mo rò pé nítorí ìyẹn ni Bàbá Ráṣídì ṣe sọ ní Sátidé náà pé, “Dìde, ọmọ mi, jẹ́ ká lọ sí ìpàdé. Ó dára ju kí o máa wo àjà lọ.”

Ìpàdé àwọn tó fẹ́ràn alùpùpù àtijọ́ ni. Mẹ́rin péré ni wọ́n. Alága wọn ni ẹni tí gbogbo èèyàn ń pè ní Tíṣà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ọwọ́ rẹ̀ sì ni ìwé òfin ẹgbẹ́ wà. Linus jẹ́ mẹkáníìkì láti Obosi, tó máa ń gbé etí lé ẹ́ńjìnnì kó tó fọwọ́ kàn án. Bàbá Ráṣídì ni ẹnì kẹta. Ẹnì kẹrin ni Bàbá Ifeoma, àgbàlagbà tó ti fi alùpùpù rìn káàkiri rí láti máa bẹ ilé ìwé wò, àgbàlá rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣe ìpàdé. Kí ogun tó dé, alùpùpù mọ́kànlá ni ẹgbẹ́ náà ní. Lẹ́yìn ogun, kò ku ẹyọ kan tó ń rìn, síbẹ̀ ìpàdé kò dáwọ́ dúró.

Òfin kejì nínú ìwé òfin wọn sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe wá sí ìpàdé bí kò bá gun alùpùpù wá. Nítorí náà, gbogbo ìpàdé ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àbá pé kí a dá òfin kejì dúró fún òní nìkan. Ẹnì kan á dá àbá, ẹnì kejì á kín in lẹ́yìn, Tíṣà á ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn nawọ́ sókè. Mo ṣàkíyèsí pé ìpàdé tí òfin kò tíì fi àyè gbà ni wọ́n fi ń dá òfin náà dúró. Mo rọra sọ ọ́ fún Tíṣà. Ó ní, “Ìdí nìyí tá a fi nílò ẹni tó kàwé. Kò sì ní àna kankan nílùú yìí tó lè gbè lẹ́yìn rẹ̀.” Wọ́n dá àbá, wọ́n kín in lẹ́yìn, mo di akọ̀wé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú ṣọ́bìrì.

Bàbá Ráṣídì ló sọ ìtàn sàréè náà fún mi nígbà tá à ń padà lọ sílé. Mo bi àwọn mẹ́ta yòókù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ohun kan náà ni wọ́n sọ, nítorí náà mo gbà á gbọ́.

Nígbà tí ìró ìbọn ń sún mọ́ ìlú, àyè ihò kan ṣoṣo ló wà láti gbẹ́ nínú àgbàlá náà. Ìyàwó Bàbá Ifeoma ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Télọ̀ ni òun náà, ọmọ Odekpe, lẹ́bàá odò. Ó fi gíríìsì pa maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, ó fi aṣọ wé e, ó gbé e sẹ́nu ihò, ó wá wọlé lọ kó aṣọ ọmọ. Nígbà tó jáde, wọ́n ti dí ihò. Alùpùpù ni ọkọ rẹ̀ gbé wọ ibẹ̀, nínú pósí, ó sì ti ri àgbélébùú mọ́lẹ̀ kí àwọn ọmọ ogun má baà hú u. Maṣíìnì ìránṣọ wà lórí ìpèpéle. Kò sí àyè láti gbẹ́ ihò míràn. Wọ́n sá. Nígbà tí wọ́n padà dé, maṣíìnì ti lọ, Cyprian sì wà ní àlàáfíà. Wọ́n tiẹ̀ sọ pé àwọn ọmọ ogun ro koríko orí rẹ̀. Mi ò lè jẹ́rìí sí ìyẹn, àmọ́ koríko ibẹ̀ mọ́.

Mama Ifeoma kò jà. Ó di ẹrù, ó lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Odekpe. Ní ọdún kọ̀ọ̀kan tí àwọn ẹbí bá lọ bẹ̀ ẹ́, ìdáhùn kan náà ló ń fún wọn: “Ẹ ní kí Cyprian fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Kí ẹnikẹ́ni má gbé e. Tó bá dé ẹnu ọ̀nà bàbá mi, màá gùn ún padà sílé.” Gbogbo èèyàn mọ̀ pé ohun tó ń sọ ni pé òun kò padà mọ́. Ní ọdún yìí ni Ifeoma, ọmọ wọn, ní ẹni tó fẹ́ fẹ́ ẹ. Ó sì sọ fún bàbá rẹ̀ pé bí ìyá òun kò bá sí nínú ilé náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ẹmu ìdána wá síbẹ̀ lórúkọ òun. Nítorí náà, Cyprian gbọ́dọ̀ dìde. Ó sì gbọ́dọ̀ dìde kí oṣù kẹsàn-án tó parí, torí pé tí odò bá ti kún, omi á bo ọ̀nà erùpẹ̀ tó lọ sí Odekpe, á sì di ọdún tuntun kí ọ̀nà tó là.

Mo rò pé nǹkan tó kù ni kí Linus mú sùpánà. Mi ò tíì mọ ẹgbẹ́ náà.

Kò sí bóòtù tí wọ́n tú láìsí àbá. Odindi ìpàdé kan la fi jiyàn lórí ẹni tó ṣe alùpùpù náà, torí pé orúkọ ara táńkì ti bó dànù. Tíṣà dárúkọ kan, Linus dárúkọ míràn, Bàbá Ráṣídì ní ìlú òyìnbó kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Mo bi Bàbá Ifeoma tó ni ín. Ó ní láti ọdún tó sọ ọ́ ní Cyprian, òun kò pè é ní orúkọ míràn mọ́. Mo kọ “Cyprian” sílẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, Tíṣà dá àbá pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé ẹ̀yà kan lọ sílé, kí ẹnikẹ́ni má baà lè parí rẹ̀ láìsí àwọn yòókù, kí olè kankan má sì lè jí odindi rẹ̀. Àwọn èèyàn wọ̀nyí ti pàdánù ohun tí wọ́n kó jọ sójú kan rí. Mi ò lè bá wọn jiyàn. Linus gbé ẹ́ńjìnnì lọ sí Obosi, ó gbé e sí yàrá, ìyàwó rẹ̀ sì ránṣẹ́ wá sí ìpàdé pé òun ń béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ èwo nínú àwọn méjèèjì ló yẹ kó sùn lórí ẹní. Tíṣà gbé táńkì. Ó kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, torí pé lọ́jọ́ kejì ni kò máa ń fẹ́ràn àwọ̀ náà mọ́. Bàbá Ráṣídì gbé ìjókòó. Mo rí i tó ń gé dàmáskì aláwọ̀ wúrà sí i, ó sì ń rán wajawaja mọ́ etí rẹ̀ yíká. Mo ní, “Bàbá, alùpùpù ni o.” Ó ní, “Ìyàwó ló máa jókòó lé e.”

Èmi gbé àgbá táyà ẹ̀yìn. Ó nílò bíárììn tuntun, òrùka irin tó ń jẹ́ kó yí, bíárììn náà kò sì wọlé, bí Linus ti fi òòlù lù ú tó. Mo gbé e lọ sí ibi iṣẹ́ mi ní Friday nígbà tí àwọn yòókù ń jẹun ọ̀sán, mo gbé e sínú ẹ̀rọ tí mo fi ń fọ́ kọnkéré, mo rọra fún un pọ̀. Bíárììn náà wọlé wẹ́rẹ́. Mo dúró tì í fún ìgbà díẹ̀. Nǹkan àkọ́kọ́ tí mo tún ṣe ní Onitsha nìyẹn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ní ibi iṣẹ́, àmọ́ mo kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé, mo sì fa ìlà sí i nídìí.

Ní Monday, mo fẹ́ sọ ọ́ fún ìyá mi. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní a hú Cyprian. Ó ní ta ni Cyprian. Mo ní ti Bàbá Ifeoma ni, pé láti ìgbà ogun ló ti wà nínú ilẹ̀. Kí n tó fi alùpùpù kún un, mo gbọ́ tó ń sọ fún àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì pé wọ́n rí òkú ọmọ baba kan níbi tí mo wà, ìlà sì já. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó ti fi orúkọ Cyprian sínú àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní, “Ẹ gbọ́ mi, Cyprian ti ń gbádùn. Ó wúkọ́ ní Tuesday.” Ó ní, “Ta ló wúkọ́?” Mo ní Cyprian. Mo gbọ́ tí tẹlifóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wúkọ́ lóòótọ́, nínú yàrá Linus ní Obosi. Ohun tó fa ikọ́ náà ni pé Linus kò rí pístìn tó bá a mu nílùú, ó wá lọ yọ ti ẹ̀rọ ìlọta kan tó ti bàjẹ́, ó fi ayùn irin tún un ṣe. Ní Sátidé tí a to gbogbo ẹ̀yà pọ̀, Bàbá Ifeoma fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejìdínlógún kó tó dáhùn. Èmi ni mò ń kà á. Ìró tó jáde kì í ṣe ti alùpùpù. Iná mọ̀nàmọ́ná ti lọ láti àárọ̀ ní Inland Town, ẹ̀rọ ata kankan kò ṣiṣẹ́. Kó tó di ìṣẹ́jú mẹ́ta, obìnrin mẹ́fà ti gbé abọ́ ata wọ àgbàlá, wọ́n tò sẹ́yìn ara wọn, wọ́n ń béèrè ta ni kó kọ́kọ́ lọ̀. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé òfin ẹgbẹ́ fún wọn. Èyí tó wà níwájú ní òun kò wá gbọ́ òfin, ọbẹ̀ òun wà lórí iná. Ó bínú gidigidi nígbà tó rí i pé wọ́n pa ẹ̀rọ náà láìlọ̀ nǹkankan.

Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ ń dùn mí, mo sì mọ̀ pé mi ò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo dé. Ohun kan wà tí mo ń rò láti ìgbà náà. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé ibi tí èèyàn ti gbọ́ èdè ni ilé rẹ̀. Nínú àgbàlá náà, ìdajì ohun tí wọ́n ń sọ kò yé mi. Bàbá Ráṣídì ń túmọ̀ díẹ̀, Pidgin ń túmọ̀ díẹ̀, ìyókù ń kọjá lọ. Síbẹ̀, tí mi ò bá tíì dé ní aago mẹ́ta, wọn kì í bẹ̀rẹ̀. Tíṣà á ní àga akọ̀wé ṣófo. Ó lè jẹ́ pé òfin ni. Mi ò fẹ́ kí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu mi.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rò ni bí Bàbá Ifeoma ṣe máa gùn ún. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó gbé e jáde sí òpópónà láti dán an wò, ó sì lọ tààrà kojú ọkọ̀ akẹ́rù kan. Ọkọ̀ náà yà, ó kọlu òkìtì yanrìn, kò sẹ́ni tó fara pa. Ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ dá a dúró, ó ní, “Bàbá, ọwọ́ wo lẹ gbà yìí?”

Bàbá Ifeoma ní ọwọ́ òsì ni òun gbà, níbi tí òun ti ń gbà láti ìgbà tí òun ti ń gun alùpùpù.

Ọlọ́pàá ní ìjọba ti yí i padà sí ọ̀tún, ó ti tó ọdún mélòó kan, odindi Nàìjíríà ló mọ̀.

“Cyprian wà nínú ilẹ̀ nígbà yẹn,” ni Bàbá Ifeoma wí. “Ta ló lọ sọ fún un?”

Ọlọ́pàá náà wò ó, ó wo dàmáskì aláwọ̀ wúrà, ó ṣí fìlà rẹ̀. Ó ní kí Bàbá má bínú, pé àwọn náà pàdánù ẹnì kan. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì wọ́n sí ọwọ́ ọ̀tún. A ṣe ìpàdé pàjáwìrì lórí ọ̀rọ̀ náà. Bàbá Ifeoma ṣèlérí pé òun á máa gba ọ̀tún, àmọ́ ó ní kí n kọ ọ́ pé kì í ṣe ìfẹ́ inú òun.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù kẹsàn-án, odò ti ń gun etí bèbè. Ní Thursday, ibi iṣẹ́ mi fún mi ní lẹ́tà pé kọnkéré kan wà ní Kaduna tí kò sí ẹni tó máa fọ́ ọ, kí n wọ ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ní ìdájí Sunday. Nítorí náà, Sátidé yẹn nìkan ló kù fún Cyprian, òun nìkan náà ló kù fún mi. Bàbá Ifeoma wọ aṣọ funfun. Àwa mẹ́rin yòókù yá kẹ̀kẹ́ tẹ̀ lé e, a sì gba ọwọ́ ọ̀tún láti Inland Town títí tá a fi kọjá ìlú. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní gbogbo abúlé tá a kọjá, ó kéré tán obìnrin kan gbé abọ́ jáde.

Lábẹ́ igi afọ̀n ńlá kan, nígbà tí a ti ń rí òrùlé Odekpe, Cyprian wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Linus gbé etí lé e. Ó gbé etí kúrò, ó ní kò sí nǹkankan nínú rẹ̀ mọ́ fún òní.

Tíṣà jókòó sórí gbòǹgbò, ó ní ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí obìnrin náà sọ, gẹ́gẹ́ bí òun ti rántí, ni pé kí ẹnikẹ́ni má gbé e. Kò sọ ohunkóhun nípa títì. Linus kín in lẹ́yìn. Bàbá Ráṣídì béèrè bóyá ẹni tí wọ́n ń tì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Tíṣà ní àgbàlagbà tí ọmọ rẹ̀ dì mú lọ́wọ́, ṣé kì í ṣe ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi dé ilé ni? Wọ́n nawọ́ sókè. Bàbá Ifeoma kò nawọ́, torí pé ọ̀rọ̀ náà kàn án. A tì í fún ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún. Ní ibì kan, omi ti wà lójú ọ̀nà dé ọrùn ẹsẹ̀ wa.

Mama Ifeoma jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ rán aṣọ ilé ìwé ọmọ kan. Láti ọdún wọ̀nyẹn ló ti ń fi abẹ́rẹ́ lásán ránṣọ. Kò dìde. Ó wo Cyprian láti orí dé ẹsẹ̀, ó dúró pẹ́ díẹ̀ lórí ìjókòó. Lẹ́yìn náà ló béèrè ta ni akọ̀wé. Mo ní èmi ni, mà.

“Wọ́n ní o kì í purọ́,” ló wí.

Mo ní mi ò lè jẹ́rìí sí ìyẹn fúnra mi, àmọ́ ohun tí mo bá rí ni mo máa ń kọ.

“Ṣé ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá?”

Mo mọ̀ pé àwọn mẹ́rin ń wò mí. Mo mọ̀ pé tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, obìnrin náà á padà sílé ọkọ, Ifeoma á sì lọ́kọ. Mo tún mọ ibi tí igi afọ̀n wà. “Ó fi agbára ara rẹ̀ wá títí dé abẹ́ igi afọ̀n,” mo ní. “Láti ibẹ̀, a tì í. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí ní gbogbo ìgbà. Ẹnikẹ́ni kò gbé e.”

Linus mí kanlẹ̀. Mama Ifeoma na ọwọ́ sí ìwé tó wà lábíyá mi. “Ka ibi tí wọ́n ti dárúkọ maṣíìnì ìránṣọ mi fún mi.”

Mo ṣí i. Ìpàdé gbogbo Sátidé láti oṣù kẹfà ló wà níbẹ̀, àti ti pàjáwìrì: pístìn, dàmáskì, àwọ̀ táńkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bíárììn mi tí mo fa ìlà sí nídìí, àwọn obìnrin aláta, ọlọ́pàá. Mo yẹ̀ ẹ́ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti mọ̀ kí n tó ṣí i, torí pé ọwọ́ mi ló kọ ọ́.

“Kò sí níbẹ̀, mà.”

“Kò sí níbẹ̀ rárá?”

“Rárá, mà.”

Ó mi orí. Tíṣà na ọwọ́ sókè láti dá àbá, Bàbá Ráṣídì rọra fà á sílẹ̀. Bàbá Ifeoma kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Cyprian. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára rẹ̀ ní ọjọ́ náà nìyẹn.

“Ìwọ lo ni ihò,” ó ní. “Ìwọ lo ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Mo rí maṣíìnì rẹ níbi tí o ti fi gíríìsì pa á. Mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo gbé tèmi wọlẹ̀. Mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Ndo.” Bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń bẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Ó yíjú sí mi. “Sẹkítírì, kọ ọ́.”

Mo kọ ọ́. Kò sí ẹni tó kín in lẹ́yìn.

Mama Ifeoma gún abẹ́rẹ́ mọ́ aṣọ. “Kí ló dé tó fi pẹ́ tó báyìí?”

“Ẹ́ńjìnnì ló ṣòro,” ni Bàbá Ifeoma wí.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Mi ò lè sọ bóyá ẹ̀rín ìdáríjì ni, tàbí ẹ̀rín ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí irú ọkùnrin tí òun fẹ́. Ó wọlé, ó gbé báàgì jáde, ó gbé e lé orí táńkì, ó jókòó sórí dàmáskì, ó di ọwọ́ Cyprian mú.

“Kò ní ṣiṣẹ́ o,” ni Linus kìlọ̀.

“Mo mọ̀,” ló wí. Ó wo ọkọ rẹ̀. “Papa Ifeoma, tì í.”

Àwa yòókù fẹ́ tẹ̀ lé wọn, àmọ́ àwọn ẹbí rẹ̀ ní àlejò kò lè kúrò lẹ́nu ọ̀nà àwọn láìjẹun, iṣu sì ti wà lórí iná. Wọ́n gba kẹ̀kẹ́ wa lọ́wọ́ wa. A jókòó. Nígbà tá a jẹun tán, ilẹ̀ ti ṣú, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi gbé wa padà, mo sì wọ ọkọ̀ Kaduna ní ìdájí láìrí ẹnikẹ́ni.

Linus kọ̀wé pé Cyprian jí lábẹ́ igi afọ̀n, ó sì gbé wọn dé ilé. Tíṣà kọ̀wé pé kò jí, òun sì ti dá àbá lórí rẹ̀. Bàbá Ráṣídì kọ̀wé pé Mama Ifeoma ń ránṣọ lórí ọ̀kan nínú àwọn maṣíìnì òun, àmọ́ kò sọ inú ilé ta ló ti ń rán an. Ìyá mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ti dúpẹ́ lórí Cyprian, wọ́n sì ń béèrè bóyá ó ti níyàwó. Gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́. Èyí tí mo fi ojú ara mi rí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ni pé ní aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, Mama Ifeoma jókòó lórí Cyprian, Bàbá Ifeoma ń tì í láti ẹ̀yìn, omi dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú aṣọ funfun, wọ́n sì yà níbi tí ọ̀nà ti yà. Ọwọ́ òsì ọ̀nà ni wọ́n gbà.